Gìtá Amẹ́ríkà àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe: ẹ wá sọ tiyín

Arìnrìnàjò: Ẹ̀yin onígìtá, ṣé ohùn gìtá àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe yàtọ̀ lóòótọ́, àbí ẹnu ọlọ́jà lásán ni?

Àkàndé Chicago: Gìtá Harmony Sovereign ni tèmi, Chicago níbí ni wọ́n ti ṣe é. Níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù olóògbé kan ni mo ti rà á. Ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú, okùn wá ga débi pé ìka fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ẹni tó tún un ṣe fi ooru omi tú ọrùn yẹn, ó fá ìdí rẹ̀ díẹ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ padà. Ìgbà tí mo ta á, okùn tó nípọn jù dún gbùù, àyà mi ni mo ti gbọ́ ọ.

Olóhùn Iyọ̀: Owó iṣẹ́ ńkọ́?

Àkàndé Chicago: Ó ju owó gìtá lọ. Ìyàwó mi ò tíì gbọ́ o, ẹ má tú mi fó.

Ìyá Ìbejì: A ti gbọ́ 😂

Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà: Èmi ti tún gìtá Gibson J-45 ṣe rí, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1942, ní ilé iṣẹ́ Gibson ní Kalamazoo, l'Amẹ́ríkà. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ níbẹ̀ nígbà ogun Hitler. Mo ki dígí kékeré bọ inú ihò rẹ̀: góòmù tí wọ́n fi awọ ẹran sè ti gbẹ, àwọn igi tó gbé àyà gìtá ró ti ń ṣí. Mo lẹ̀ wọ́n padà, n ò fọwọ́ kan ọ̀dà ìta. Ẹni bá há ọ̀dà àtijọ́ kúrò kó lè dán, ó ti ba iyì rẹ̀ jẹ́. Ohùn rẹ̀ gbẹ, kì í pẹ́ nílẹ̀.

Ṣọlá_Houston: Bàbá, ẹ má bínú, ohùn tí kì í pẹ́ nílẹ̀ lẹ ń yìn?

Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà: Ṣé o máa ń kọrin sí i? Kì í bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀gbá London: Okùn tuntun ni gbogbo yín ń gbọ́, kì í ṣe igi.

Àkàndé Chicago: Wá sílé mi kí o dijú.

Ṣọlá_Houston: Gìtá Martin ni tèmi, onígi rosewood Brazil, kó tó di pé wọ́n bọ́ sí ti Íńdíà ní 1969. Mo fẹ́ gbé e wálé.

Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà: Láìsí ìwé àṣẹ? Wọ́n á gbà á ní pápákọ̀! Láti 1992 ni òfin àgbáyé ti ká igi yẹn mọ́.

Ìyá Ìbejì: Kí lo fẹ́ fi ta l'Ékòó gan-an? Oníná ni gìtá jùjú.

Olóhùn Iyọ̀: Láyé Ayinde Bakare ló di oníná. Tunde King ti ń ta gìtá-bánjò ṣáájú.

Ẹ̀gbá London: Bánjò kì í ṣe gìtá.

Olóhùn Iyọ̀: Okùn mẹ́fà ló ní, kí lo fẹ́ kó jẹ́?