"Sick": àìsàn ni, èébì ni, àbí ìyìn?

Ìbéèrè
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará. Òbí kan ní Ìlú Ọba kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ pé "My son was sick last night". Ibà ló mú ọmọ náà o, kò bì rárá. Wọ́n ní kó má gbé e wá títí 48 wákàtí yóò fi pé. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ sì ń pe bàtà tuntun ní "sick". Èwo la fẹ́ mú?

Ìdáhùn 1
Lẹ́nu àwọn ará Ìlú Ọba, "he was sick" sábà máa ń jẹ́ pé ó bì. "I feel sick", èébì ń gbé mi nìyẹn. Wọ́n tilẹ̀ ń pe èébì tó wà nílẹ̀ ní "sick": "there's sick on the carpet". Ìlànà ìlera wọn ni pé ọmọ tó bá bì tàbí tó ya ìgbẹ́ gbuuru yóò jókòó sílé fún 48 wákàtí lẹ́yìn èyí tó ṣe kẹ́yìn, kó má baà kó o ran àwọn yòókù. Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ rí kà nínú ìwé yẹn nìyẹn. Tó bá jẹ́ ibà, ẹ kọ "he has a fever". Ní Amẹ́ríkà ni "he's sick" ti jẹ́ àìsàn èyíkéyìí. Ẹni tó bì, "he threw up" ni wọ́n ń wí.

Ìdáhùn 2
Àmọ́ "off sick" kò kan èébì. Òṣìṣẹ́ tí àìsàn dá dúró sílé ni. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò bá ju ọjọ́ 7 lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu òṣìṣẹ́ tó. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ó di ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Wọ́n ń ka ọjọ́ ìsinmi mọ́ ọjọ́ 7 náà, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í kà. "Fit note" ni wọ́n ń pe ìwé náà láti 2010, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "sick note" ṣì wà lẹ́nu aráyé.

Ìdáhùn 3
Ti bàtà yẹn, ìyìn ni, bí àwa náà ṣe ń wo eré tó dùn tí a ń sọ pé "ó le!" Ohun tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò. "Sick goal", góòlù tó kàmàmà. "Sick joke", àwàdà tó ń kóni nírìíra, bíi kí wọ́n fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ má kọ ti ìyìn sínú lẹ́tà iṣẹ́.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun. Tí aláìsàn bá wá sọ fún dókítà pé "I've been sick three times" ńkọ́?

Ìdáhùn 1
Ó bì lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́nu àwọn ará Ìlú Ọba, níbi tí ẹ bá ti gbọ́ "been sick" pẹ̀lú iye ìgbà, èébì ló sábà máa ń jẹ́.