Ayò tí mo ń fi C, èdè kọ̀ǹpútà, kọ: mo ń jẹ ọmọ, àmọ́ kò kà á fún mi

Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ìbarà, l'Abẹ́òkúta, ni mo wà. Bàbá mi àgbà ò mọ̀ ju ọpọ́n ayò lọ, ni mo bá ní kí n kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà fún wọn. (Mi ò tíì borí wọn rí. Bóyá kọ̀ǹpútà á bá mi gbẹ̀san.)

Mo ní int ile[12] (array, ìyẹn nọ́ńbà 12 tó tò tẹ̀ léra, ọ̀kan fún ilé kọ̀ọ̀kan), ọmọ 4 nínú ilé kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Pínpín ọmọ ń lọ dáadáa: (i + 1) % 12 ló ń dá a padà láti ilé 11 sí ilé 0. Jíjẹ ló dà mí láàmú (ere ni iye ọmọ tí ẹni tó ń ta ti jẹ):

void je(int ile[], int i, int ere) {
    if (ile[i] == 2 || ile[i] == 3) {
        ere = ere + ile[i];
        ile[i] = 0;
    }
}

Tí mo bá pè é, ilé á ṣófo lóòótọ́, àmọ́ ere inú main (function tí ètò ti ń bẹ̀rẹ̀, tí mo ti ń pe je) ò kúrò ní 0. Ọmọ ayò ti pòórá nìyẹn! Kí ló dé tí array ń yí padà dénú main, tí int lásán ò yí?

Ẹnìkan ní kí n gbé ere sókè main kí gbogbo function lè máa rí i. Ìwà ọ̀lẹ nìyẹn lójú mi, ẹni méjì ló sáà ń ta ayò, kálukú ló ní ere tirẹ̀. Ṣé &ere (àdírẹ́sì ibi tí ere wà) ni kí n fi ránṣẹ́ ni, àbí kí n fi return dá iye ọmọ padà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn tún un kọ fún mi, ẹ là á yé mi. Bàbá ti ń bi mí pé ọpọ́n wọn dà.