Okùn tó ń nà àti okùn tí kì í nà: ẹ má jẹ́ ká fún wọn ní orúkọ kan náà

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ tuntun tí ẹ̀gbọ́n wa kan gbé kalẹ̀ fún irinṣẹ́ tí a fi ń yọ ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀ àti iyanrìn, pẹ̀lú àwọn nǹkan àkọ́kọ́ tí èèyàn máa ń fi kún jíìpù kó tó gbé e wọ ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ohun kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbà, nítorí ẹni tó bá tẹ̀ lé e lè fara pa. Okùn méjì tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra ni wọ́n pè ní "okùn ìfàkọ̀". Nígbà tí ẹlòmíì wá ní ká ya èyí tó ń nà sọ́tọ̀, "okùn ìjágbà" ló dábàá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí okùn méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́. Èyí àkọ́kọ́ ni a fi ń wọ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́ lórí títì. Pọliẹ́sítà ni wọ́n sábà máa ń fi hun ún, kì í nà tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe fẹ́ ẹ, kí ọkọ̀ ẹ̀yìn má bàa máa sún síwá sẹ́yìn. Èkejì, náílọ́ọ̀nù ni. Bí a bá fà á gidi, ó lè fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 gùn sí i, débi pé èyí tó gùn ní mítà 9 á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 11. Oríṣi rẹ̀ tó rí roboto lè nà tó ìdá 30. Nínà yìí gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. A ó so ó mọ́ ọkọ̀ tó há àti ọkọ̀ tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́, a ó jẹ́ kó dẹ̀ díẹ̀ nílẹ̀, ọkọ̀ iwájú á sì rọra gbéra. Okùn á nà, á gba agbára ọkọ̀ náà sára, bó bá sì ṣe ń súnkì padà ni ọkọ̀ tó há á máa jáde.

Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó ka "okùn ìfàkọ̀" nínú ìwé wa, tó mú èyí tí kì í nà, tó sì fi ṣe iṣẹ́ èyí tó ń nà. Gbogbo agbára yẹn á dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkọ́ á fà ya kúrò lára ṣásíìsì, irin á fò bí ọta ìbọn, orí ẹni tó dúró nítòsí ló sì lè bà. Nítorí náà, orúkọ gbọ́dọ̀ sọ pé ọ̀kan ń nà.

"Ìjágbà" kò sọ bẹ́ẹ̀. Olè ló ń já nǹkan gbà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí a bá gbé "okùn" àti "já" sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ohun tí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá máa rò ni pé okùn ti gé sí méjì. Ta ló fẹ́ ra okùn tí jíjá wà nínú orúkọ rẹ̀? Ohun tí mo dábàá ni "okùn anàyọ": ó nà, ó sì yọ ọkọ̀. Kí èyí tí kì í nà wá máa jẹ́ "okùn ìwọ́kọ̀", torí wíwọ́ ni à ń wọ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́, a kì í yọ ọ́ nínú ohunkóhun.

Láti ibẹ̀ náà ni mo ti fẹ́ kí gbogbo ẹrù yìí máa jẹ́ "irinṣẹ́ ìyọkọ̀". "Irinṣẹ́ ìgbàlà" tí ẹnì kan kọ dára létí, àmọ́ tí mo bá gbọ́ ọ, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń wá sí mi lọ́kàn, tàbí àwọn panápaná. Kí ẹ kàn rántí fi àmì ohùn sí i dáadáa o, nítorí "ìyọ̀" ni ọ̀rọ̀ tó kó ọkọ̀ sínú ẹrẹ̀, "ìyọ" sì ni ọ̀rọ̀ tó mú un jáde!

Ó wá kan òrùka irin oníbọ́ọ̀tì tí a fi ń so okùn mọ́ ọkọ̀. Inú ìwé atúmọ̀ èdè ni ẹni tó pè é ní "ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀" ti rí i, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ń kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí lẹ́sẹ̀ kó má bàa lọ, nígbà tó jẹ́ pé kí ọkọ̀ lè lọ la ṣe ń lo tiwa. "Òrùka ìsopọ̀" tó. Bó bá jẹ́ irin, "òrùka ìsopọ̀ onírin". Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi okùn hun, tó fúyẹ́, "òrùka ìsopọ̀ olókùn".

Ibi òrùka yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù wà, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n sábà máa ń tẹ WLL (ìyẹn "working load limit" lédè Gẹ̀ẹ́sì) àti iye tọ́ọ̀nù sára òrùka onírin. Èyí tí irin rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 19 sábà máa ń gbé tọ́ọ̀nù 4.75. Sára okùn anàyọ, wọ́n lè kọ kílò 8,000. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé òrùka ni kò lágbára tó okùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tó wà lára òrùka ni ẹrù tí a lè máa fi kọ́ ọ lójoojúmọ́, lọ́pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ó tó ìlọ́po mẹ́fà iye yẹn kó tó já. Iye tó wà lára okùn ni ibi tó ti máa já gan-an. Àkójọ wa pe méjèèjì ní "agbára". Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká ní "ìwọ̀n ìlò" fún ti òrùka àti "ìwọ̀n ìjá" fún ti okùn. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí ìwọ̀n ìjá okùn anàyọ jẹ́ ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwúwo ọkọ̀ tó fúyẹ́ jù nínú àwọn méjèèjì, ìmọ̀ràn yẹn kò sì ní yé ẹnikẹ́ni bí "agbára" bá ń túmọ̀ sí ohun méjì.

Ẹ̀rọ tó ń ká okùn sára róòlù láti fa ọkọ̀ ńkọ́? Wíǹṣì ni àwọn tó ń lò ó ń pè é, mi ò sì rí àléébù níbẹ̀. Bó bá di dandan ká ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, "ẹ̀rọ akáfà" tẹ́ mi lọ́rùn ju "ẹ̀rọ ìwọ́kọ̀" tí wọ́n kọ lọ, torí kíká ni ẹ̀rọ yìí fi ń fà. Ìgbà tí okùn bá ṣẹ́ ku ìpele kan ṣoṣo lára róòlù rẹ̀ ló lágbára jù. Bí okùn bá ṣe ń gorí ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni agbára ń dín kù. Ìyẹn ló ṣe yẹ ká tú okùn jáde dáadáa ká tó bẹ̀rẹ̀, ká ṣáà fi ìwọ̀nba ìká mélòó kan sílẹ̀ lórí róòlù. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé òun àti ẹrù rẹ̀ wúwo tó tọ́ọ̀nù 2.8, akáfà tó lè fa nǹkan bí tọ́ọ̀nù 4.2 ni wọ́n máa ń ní kó lò, ìyẹn ìwúwo náà àti ààbọ̀ rẹ̀.

"Ìgbéga" tún ń dà wá láàmú. Àkójọ náà lò ó fún gbogbo ohun tí a fi kún ọkọ̀, ó sì tún lò ó fún sípíríìnì àti ṣọ́ọ̀kì gíga tó ń gbé ara ọkọ̀ sókè. Ẹ jẹ́ kí "àfikún" gba ti àkọ́kọ́, kí "ìgbésókè ara ọkọ̀" gba ìkejì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi "ara" sí i: bó bá jẹ́ ọkọ̀ tí àásẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀, sípíríìnì gíga kì í gbé dífírẹ́nṣà, ìyẹn ìdì jíà tó wà lára ọ̀pá yẹn, kúrò nílẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Táyà tó tóbi sí i nìkan ló lè ṣe ìyẹn, ìdajì ohun tó sì fi ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ la ó rí jẹ níbẹ̀.

Ọkọ̀ náà ńkọ́? "Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin" kò ya á sọ́tọ̀, gbogbo mọ́tò ló ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. "Afẹsẹ̀mẹ́rinrìn" ni, torí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì ń yí. "Imú òkè" tí wọ́n pe ọ̀pá tó ń gba afẹ́fẹ́ lókè fún ẹ́ńjìnnì dára púpọ̀, mi ò ní fọwọ́ kàn án.

Nǹkan kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún rárá. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ wọ iyanrìn, a máa ń dín afẹ́fẹ́ táyà kù, bóyá láti 35 sí 18 lórí gééjì, kí táyà lè tẹ́ kí ó sì gùn sí i nílẹ̀. Tó bá padà dé títì, a ó fẹ́ ẹ padà kó tó sáré, kó má bàa gbóná bẹ́. Ẹnì kan fẹ́ ká máa pe ìyẹn ní "ìdẹ̀táyà". Kí la fẹ́ fi ṣe? "Dín afẹ́fẹ́ táyà kù" yé tọmọdé tàgbà.

Èyí tí mi ò tíì rí orúkọ fún ni kẹ̀kẹ́ irin kékeré tí a máa ń gbé okùn akáfà gbà kọjá, ká tó yí orí rẹ̀ padà wá so mọ́ ọkọ̀. Ó ń sọ agbára di ìlọ́po méjì, ó sì ń dín eré kù sí ìdajì. "Kẹ̀kẹ́ ìlọ́po" ló wà lọ́kàn mi, àmọ́ a tún lè lò ó láti ṣẹ́rí okùn gba ibòmíì láìsí ìlọ́po kankan, orúkọ yẹn kò sì ní bá a mu nígbà náà. Ẹni tó bá ní èyí tó gba iṣẹ́ méjèèjì, kó jọ̀ọ́ mú un wá.