Ẹ gbà mí o, ọmọ kíláàsì wa kan dójú tì mí níbi tí mo ti ń kọ́ wọn ní àfiwé tààrà

Àbẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́yẹlé:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí láti Mọ́ńdè ni oúnjẹ ò ti lọ lẹ́nu mi. Ọdún kejì ni mo wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan níbí ní Ìbàdàn, Yorùbá ni mò ń kà. Lẹ́kọ́rà tó ń kọ́ wa ní ewì dédé sọ pé òun ò ní kọ́ wa ní ọnà èdè, ìyẹn àwọn ọgbọ́n tí akéwì fi ń mú ọ̀rọ̀ dùn, pé àwa fúnra wa la máa kọ́ ara wa. Ó pín wa ní méjì méjì. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé iṣẹ́ wa nìyẹn? Owó ilé ìwé tí à ń san wá ńkọ́?

Àfiwé tààrà, ìyẹn ká fi ohun kan wé òmíràn ní gbangba, ló bọ́ sọ́wọ́ èmi àti ẹnìkejì mi. Ní Sátidé, mo lọ ra kádíbọọ̀dù àti máákà ní Dùgbẹ̀, òjò ká mi mọ́ Mọ́kọ́lá. Mo fi ọ̀rá bo kádíbọọ̀dù, èmi fúnra mi ni òjò pa. Micra tí mo wọ̀, obìnrin kan gbé agbọ̀n tòmátì sẹ́sẹ̀, díẹ̀ ló kù kó tẹ kádíbọọ̀dù mi pa. Lálẹ́ Sọ́ńdè kò síná, iná fóònù ni mo fi kọ gbogbo ẹ̀. Mo kọ ÀFIWÉ TÀÀRÀ ní pupa, mo fi búlúù yí i ká, mo ya òdòdó ńlá sí àyè tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀. Ó rẹwà!

Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo dúró níwájú, ó ń lọ dáadáa. Àfi bí ọmọkùnrin kan ṣe nàwọ́ lẹ́yìn, tó bi mí ní ìbéèrè kan báyìí, tí gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá, "bí, bí, bí" ni wọ́n ń ké tẹ̀ lé mi bí ẹni ń pe ewúrẹ́.

Lẹ́kọ́rà wá ní kí oníkálukú kọ ojú ìwé kan lórí ohun tí ojú ẹ̀ rí nígbà tá à ń kọ́ ara wa. Mo gbọ́ pé ó tó ẹni mẹ́fà tó dárúkọ mi sínú tiwọn. Ṣé kí n lọ fẹjọ́ ọmọkùnrin yìí sun ọ̀gá ẹ̀ka wa, àbí kí n ní kí wọ́n gbé mi kúrò ní kíláàsì yẹn?

Ìyá Ìbejì Bẹẹrẹ:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Kọ́kọ́ jẹun ná.

Ọmọ Ọjà'ba:
O ròyìn òjò, o ròyìn tòmátì, o ò sọ ìbéèrè tí wọ́n bi ọ́. Kí ló bi ọ́ gan-an?
"Bí ẹni ń pe ewúrẹ́" yẹn dùn o. Àfiwé tààrà gidi nìyẹn.

Kọ́lá Mọlété:
Ẹjọ́ kẹ̀? Kí lo fẹ́ sọ fún ọ̀gá ẹ̀ka, pé wọ́n bi ọ́ ní ìbéèrè? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò lè gba ọ̀rọ̀ sára. Ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n máa rán ọ lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Àwọn ọmọ JSS 2 máa bi ọ́ ní ohun tó ju ìyẹn lọ.

Ìyá Ìbejì Bẹẹrẹ:
Kọ́lá, fara balẹ̀. Nígbà tí èmi ń lọ sílé ọkọ, Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí mi, mo sun ẹkún ìyàwó títí ohùn mi fi há. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé èyí ni àwítúnwí, èyí ni àsọdùn. Ìyá mi àgbà ló ń sọ ọ́ sí mi létí nídìí ààrò, èmi ń gbà á. Ìgbà tí ọmọ mi wá ń kà á nílé ìwé ló ní, "Màámi, àwọn nǹkan tẹ́ ẹ sọ yẹn lórúkọ o." Mo ní kó máa jẹ́ orúkọ ẹ̀ lọ, kó bá mi gbé iyán.

Tíṣà Apẹtẹ:
Ọdún 21 ni mo ti ń kọ́ni ní Yorùbá. Lẹ́kọ́rà yín kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dúró níwájú kíláàsì láti ṣàlàyé àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ìyẹn ká pe ohun kan ní òmíràn láìlo "bí", ni mo tó mọ̀ pé n ò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ mo ti yege ìdánwò ẹ̀ o. Àbẹ̀kẹ́, kí lo kọ sára kádíbọọ̀dù yẹn? Kọ ọ́ síbí bó ṣe wà.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́yẹlé:
Ẹ ṣé mà, mo ti mu gààrí. Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ẹ ò sí níbẹ̀, ẹ má dá mi lẹ́bi.
Tíṣà, ohun tí mo kọ ni: "Níbikíbi tí o bá ti rí BÍ, àfiwé tààrà nìyẹn." Àpẹẹrẹ mẹ́ta ni mo fún wọn: ó dúdú bí kóró iṣin, ó ga bí ọ̀pẹ, ẹ̀kẹta, mo mú un nínú oríkì ìlú wa: Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjèjì. Ọmọkùnrin yẹn wá dìde, ó ní, "Bí ìyá mi bá bí ọmọ, àfiwé tààrà mélòó nìyẹn?"

Ọmọ Ọjà'ba:
Yéè! Méjì ni! Ẹ fún ọmọ yẹn ní màlúù.

Tíṣà Apẹtẹ:
Ọmọ yẹn jàre. Ọ̀rọ̀ "bí" yìí, iṣẹ́ tó ń ṣe ju ẹyọ kan lọ. Ti àkọ́kọ́ nínú gbólóhùn ẹ̀ ń sọ pé tó bá ṣẹlẹ̀, ti ìkejì ni kí obìnrin sọ̀ kalẹ̀ kó gbé ọmọ. Ibi tí o ti ṣì í ni pé o ń wá ọ̀rọ̀, o ò wá àwòrán. "Ó ga bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀" ní "bí" nínú, ṣùgbọ́n gíga la kàn ń wọ̀n níbẹ̀, èèyàn àti èèyàn. "Ó ga bí ọ̀pẹ", èèyàn àti igi, ohun méjì tí kì í ṣe irú kan náà. O máa rí ọ̀pẹ yẹn lójú kó o tó rí ẹni náà. Àfiwé sì lè wà tí "bí" ò ní sí níbẹ̀ rárá: "ojú ẹ̀ jọ ti ẹyẹ òwìwí."
Oríkì Ìbàdàn tó o mú, onílé àti àjèjì, èèyàn làwọn méjèèjì. Kì í ṣe àfiwé tààrà. Ọnà èdè tó wà níbẹ̀ ni pé ìlú ló ń gbe èèyàn, bí ẹni pé ó lọ́wọ́. Ìfohunpènìyàn nìyẹn.

Bàbá Agodi:
Tíṣà, mi ò gbà. Kì í ṣe ìlú ló ń gbe èèyàn, àwọn ará ìlú ni. A kàn fi orúkọ ìlú pè wọ́n ni. Ibùdó ogun ni Ìbàdàn ní nǹkan bí 1829: Ọ̀yọ́ ń bẹ níbẹ̀, Ifẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, Ìjẹ̀bú ń bẹ níbẹ̀. Ta wá ni onílé nínú wọn? Àjèjì ni gbogbo wọn. Ìyẹn ni wọ́n fi ń kì í bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ọjà'ba:
"Nǹkan bí 1829." Bàbá, ẹ ti tún fi "bí" mìíràn kún un o.

Tíṣà Apẹtẹ:
Bàbá, ẹ ṣeun. Nínú ìdánwò, ẹni tó bá kọ ìfohunpènìyàn ni mo máa fún ní máàkì.

Bàbá Agodi:
Èmi ò kọ ìdánwò mọ́, Tíṣà. Òtítọ́ ni mò ń sọ.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́yẹlé:
Ìfohunpènìyàn yẹn, ọmọkùnrin yẹn gan-an àti ẹnìkejì ẹ̀ ló ni ín. Ó ti kọ́kọ́ bi mí pé ṣé ìlà oríkì yẹn kì í ṣe tiwọn. Mo ní kó jókòó, kó dúró de ìgbà tiẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá bèèrè ti ìyá ẹ̀.

Kọ́lá Mọlété:
Ṣé ẹ rí i? O fi ìyẹn pa mọ́. Ẹnìkejì tìẹ ńkọ́? Níbo ló wà nígbà tí gbogbo eléyìí ń ṣẹlẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́yẹlé:
Ó lọ sìnkú bàbá ẹ̀ àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àná ló dé. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ Sátidé, ìṣẹ́jú mẹ́fà, dátà mi ti tán, n ò rí i gbọ́.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo ti fi ojú ìwé tèmi sílẹ̀ láti Túsìdeè. Mo kọ ọ́ pé ẹnìkejì mi ò bá mi dá sí iṣẹ́ náà, àti pé òun ló ní ká kọ gbólóhùn "níbikíbi" yẹn. Lẹ́kọ́rà sì ní a máa ka gbogbo ẹ̀ sétígbọ̀ọ́ kíláàsì lọ́la. Èmi àti ẹnìkejì mi yìí, yàrá kan náà la jọ ń gbé.

Kọ́lá Mọlété:
Kò dá sí i, òun náà ló tún ní kó o kọ ọ́. Èwo ni ká mú níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì Bẹẹrẹ:
Áà, Àbẹ̀kẹ́. Ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀! Mo ti rí ohun tí kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lẹ́nu rẹ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ rárá. Bá a sọ̀rọ̀ lálẹ́ yìí. Kúnlẹ̀ sọ ọ́.

Ọmọ Ọjà'ba:
Kọ́kọ́ lọ gba ìwé yẹn padà lọ́wọ́ lẹ́kọ́rà kí ilẹ̀ tó mọ́. Wá ẹni tó nọ́ńbà ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́yẹlé:
Máàkì 20 ni, àwa méjèèjì la jọ ni ín. Tí mo bá yí ọ̀rọ̀ padà, òun náà máa pàdánù. Ti ẹ̀ ni mo tún ń rò.

Tíṣà Apẹtẹ:
Má fi í ṣe àwáwí. Bó bá jẹ́ èmi ni lẹ́kọ́rà, n ò ní dá ìwé padà fún ọ, ṣùgbọ́n màá gba ojú ìwé kejì lọ́wọ́ rẹ. Kọ ọ́. Kọ ohun tó o kọ́ wọn, kọ ibi tó o ti ṣì í, kọ ẹni tó kọ ọ́. Kó o tó kọ ọ́, ṣé o ti wá gbọ́ ohùn yẹn báyìí?

Bàbá Agodi:
Ẹ padà sórí 1829 ná.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́yẹlé:
Mo yá dátà, mo gbọ́ ọ tán. Ìlù òkú ń dún lẹ́yìn ohùn ẹ̀, mo ní láti fi fóònù lẹ etí. Ó kọ́kọ́ ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀. Ó ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó wá ní, "Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe gbogbo bí o. Jọ̀ọ́, fàyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ kádíbọọ̀dù, ká fi kọ èyí tí kì í ṣe àfiwé."
Ibẹ̀ ni mo ya òdòdó sí.
Ó lọ pọnmi. Mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.