Ṣéènì ẹ̀rọ ìgégi mi ń wọ́ sí ọ̀tún, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni mo wà. Ẹ̀rọ ìgégi kékeré kan ni mo fi ń la igi ìdáná, tí mo sì fi ń gé ẹ̀ka máńgòrò. Èmi fúnra mi ni mò ń fi fáìlì roboto 4 mm pọ́n ṣéènì rẹ̀, torí ẹni tó ń bá wa pọ́n ọn tẹ́lẹ̀ máa ń fi gíráńdà jó eyín rẹ̀ dúdú ni.

Ní báyìí, bí mo bá ki ẹ̀rọ náà bọ inú igi, ńṣe ló ń wọ́ sápá ọ̀tún. Lẹ́búlẹ́bú ló sì ń tú jáde dípò èérún. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n: eyín apá òsì ti kúrú ju ti ọ̀tún lọ. (Ọwọ́ mi ò kúkú dọ́gba, bí mo bá yí sódì, fáìlì kì í dúró lórí 30°.)

Ṣé kí n fá ti ọ̀tún kó bá òsì mu, àbí kí n kúkú ra tuntun? Irin kékeré tó wà níwájú eyín kọ̀ọ̀kan ńkọ́? Mi ò fọwọ́ kàn án rí, torí wọ́n ní béèyàn bá fá a jù, ẹ̀rọ lè ta padà séèyàn lójú. Ẹni tó bá sì mọ ibi tí wọ́n ti ń ta férémù tó ń di fáìlì mú ní ìgboro Òṣogbo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe ẹ̀ fún mi.