Igbó ẹ̀yìn ilé wa: báwo la ṣe lè gba àyè fún kẹ̀kẹ́?

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síbí.

Ìlú kékeré kan lẹ́bàá Peak District, agbègbè olókè kan ní England, là ń gbé. Ọdún kẹta rèé tí Táíwò àti Kẹ́hìndé ti ń gun kẹ̀kẹ́ orí òkè, èyí tí táyà rẹ̀ nípọn, tó ní eyín bí ayùn. Ọmọ ọdún 11 ni wọ́n, mi ò sì lè jẹ́ kí wọ́n dá wọ igbó, lèmi náà bá ra tèmi. Igbó tí mò ń wí yìí, ilẹ̀ káńsù ni, kì í ṣe oko ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tó gba àárín rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, èèyàn mẹ́ta lè jọ rìn pọ̀ níbẹ̀. Tó bá dé òkè, ó já sí bridleway, ìyẹn ọ̀nà ẹlẹ́ṣin tí wọ́n gba kẹ̀kẹ́ láàyè. Tí a bá gba inú igbó, ìṣẹ́jú 10 la fi ń dé òkè. Tí a ò bá gbabẹ̀, títì ọlọ́dà ló kù, níbi tí ọkọ̀ àjàgbé ti ń sá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí àwọn ọmọ mi.

Sátidé tó kọjá, bàbá arúgbó kan àti ajá rẹ̀ pàdé wa lẹ́nu géètì. Kò pariwo mọ́ wa. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí àmì róbótó kan tí wọ́n kàn mọ́ òpó, ọfà yẹ́lò wà lára rẹ̀. Ó ní ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló nibẹ̀. Kẹ́hìndé sọ̀ kalẹ̀, ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, kò sọ nǹkan kan títí a fi dé títì. Ìgbà yẹn ló wá bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé olè la jà ni?"

Oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ la rú òfin? Ta ni ká lọ bá kí wọ́n lè gba kẹ̀kẹ́ láàyè níbẹ̀? Mi ò fẹ́ bá bàbá yẹn jà. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi lè gbabẹ̀ kọjá láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Manchester)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá mi sọ fún Kẹ́hìndé pé kò jalè. Ní England, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ lórí footpath, ìyẹn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kò dá ọ̀ràn tí ọlọ́pàá ń tìtorí rẹ̀ muni, àfi tí òfin àdúgbò kan bá kà á léèwọ̀. Ọ̀rọ̀ àárín yín àti onílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn náà ò purọ́. Ọfà yẹ́lò jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀, búlúù jẹ́ ti ẹlẹ́ṣin àti kẹ̀kẹ́. Countryside Act 1968 ló fún wa ní búlúù, ó sì ní ká máa yà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin. Nígbà tí òfin mìíràn dé ní ọdún 2000, tó ṣí òkè àti pápá gbalasa sílẹ̀ fún aráàlú, ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló ṣí i fún. Lónìí, tí a bá kó ọ̀nà 5 tí aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ sí jọ, bí ẹyọ kan ni kẹ̀kẹ́ lè gbà.

Ó máa ń dùn mí, nítorí mo mọ ìtàn òkè tí ẹ ń wò yẹn. Ní April 1932, àwọn òṣìṣẹ́ láti Manchester wọ́ lọ sórí Kinder Scout nígbà tí àwọn onílẹ̀ ò jẹ́ kí mẹ̀kúnnù débẹ̀. Márùn-ún nínú wọn lọ sẹ́wọ̀n. Ọdún 1951 ni Peak District di national park àkọ́kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹlẹ́sẹ̀ tó ń dá wa dúró lónìí, wọ́n ti dá àwọn bàbá tirẹ̀ náà dúró rí. Mo máa ń sọ ọ́ fún wọn bí a bá jọ jókòó, wọ́n sì máa ń gbọ́.

Nítorí pé ilẹ̀ káńsù ni, ẹ kọ́kọ́ lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n lè gbà kí kẹ̀kẹ́ máa kọjá láìsọ ọ́ di ẹ̀tọ́. Ìyẹn yá, ṣùgbọ́n wọ́n lè gbà á padà. Èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni kí wọ́n sọ ọ́ di bridleway pátápátá, Highways Act 1980 fún wọn lágbára rẹ̀. Nínú òfin kan náà, bí aráàlú bá ti fi ẹṣin tàbí kẹ̀kẹ́ gbabẹ̀ fún ọdún 20 gbáko, ní gbangba, láìtọrọ àyè, láìfipá wọlé, tí onílẹ̀ ò sì fi hàn pé òun ò gbà, wọ́n á kà á sí pé ó ti yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹ̀yìn la ti ń ka ọdún 20 náà, láti ọjọ́ tí ẹnì kan bá kọ́kọ́ dí ọ̀nà tàbí bá wa jiyàn lórí rẹ̀. Kò sì pọn dandan kó jẹ́ ẹnì kan ló gbabẹ̀ títí, ti oníkálukú la máa so pọ̀. Ẹ wá àwọn àgbà àdúgbò. Kí kálukú kún fọ́ọ̀mù ẹ̀rí nípa bó ṣe ń gbabẹ̀, kó fa ọ̀nà náà sórí máàpù fúnra rẹ̀. Ẹ wo máàpù àtijọ́ náà, pàápàá èyí tí wọ́n yà lẹ́yìn 1836 nítorí ìdámẹ́wàá ṣọ́ọ̀ṣì. Ó máa ń pẹ́ o. Ọdún méjì mẹ́ta ò tó nǹkan nínú ẹ̀.

Ọmọ Èkìtì (Glasgow)

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ní Scotland níbí, Land Reform Act 2003 ti bá wa parí ẹ̀, láti 2005 ló ti ń ṣiṣẹ́. Ibi tó pọ̀ jù tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà, kẹ̀kẹ́ náà lè gbà á, ká ṣáà ti hùwà ọmọlúwàbí. Ẹ sọ ìyẹn fún káńsù yín: ẹni tó bá wọn pààlà ti ń ṣe é láti ogún ọdún, òkè ò wó.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ àwọn ìbejì bí wọ́n ṣe ń fún bréèkì. Ẹni tó bá fún bréèkì ẹ̀yìn pa títí táyà fi ń wọ́ nílẹ̀, gọ́tà ló ń gbẹ́ yẹn. Òjò á gba ojú ẹ̀ ṣàn, kí ìgbà òtútù kan tó parí, ó ti di kòtò. Ohun tí ẹlẹ́sẹ̀ ń rí tó fi ń bínú nìyẹn. Kí wọ́n tẹ agogo látọ̀ọ́kán, kí wọ́n rọra, kí wọ́n kí èèyàn. Bí wọ́n bá pàdé ẹṣin, kí wọ́n dúró, kí wọ́n sọ̀rọ̀, kí ẹṣin lè mọ̀ pé èèyàn ni.

Abíọ́nà (Maryland)

Mo fẹ́ fi ti Amẹ́ríkà kún un. Lẹ́bàá Mount Tamalpais ní California ni kẹ̀kẹ́ yìí ti gbòde, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti lé e kúrò lójú ọ̀nà tóóró. Ìyẹn ló mú kí àwọn ẹgbẹ́ California dá IMBA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ orí òkè, sílẹ̀ ní 1988. Ní tiwa níbí, ṣọ́bìrì ló bá wa ṣí ilẹ̀kùn. Lóṣooṣù la máa ń bá àwọn òṣìṣẹ́ páàkì tún ọ̀nà ṣe: a ó jẹ́ kó dagun díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí omi lè yà kúrò, a ó to òkúta síbi tó bá lẹ́rẹ̀. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi ń pè wá sí ìpàdé. Ẹ mú ṣọ́bìrì lọ kẹ́ ẹ tó mú lẹ́tà lọ.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan wà ní ìpẹ̀kun àdúgbò wa, ẹni ọdún 78. Ó ní ẹṣin lòun àti ọmọbìnrin òun fi ń gba inú igbó yẹn. Ó tẹ̀lé mi dé ẹnu géètì, ó fi irin kan hàn mí tí mi ò kà sí rárá: irin ìlẹ̀kùn tó gùn sókè, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé èjìká mi, ó ti dógùn-ún. Ó ní wọ́n ṣe é ga bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó wà lórí ẹṣin lè ṣí géètì láìsọ̀kalẹ̀.

Mo tún pàdé bàbá alájá yẹn. Mo kí i, mo bi í léèrè ohun tó ń dùn ún. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ géètì ni, ó ti ṣubú níbẹ̀ rí nígbà òtútù. Mo sọ ọ̀rọ̀ ṣọ́bìrì fún un. Ó ní òun á rò ó.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ìyá náà ní ojú òun ò fi bẹ́ẹ̀ ríran kọ̀wé mọ́. Ṣé mo lè bá a kún fọ́ọ̀mù?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Manchester)

Ẹ lè bá a kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ kà á sí i létí, kó sì fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Ẹ bi í ní ọdún tí ọmọ rẹ̀ gun ẹṣin gbẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sì pe ọmọ náà. Ẹ ya fọ́tò irin yẹn lọ́la, kí ìpaara tó jẹ ẹ́ tán.