"Ìṣàkóso ìròyìn" kọ́ ni ká pè é

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìkọ̀lé dábàá pé ká máa pe fíìmù tó ń fi ìjọba ṣẹ̀fẹ̀ ní "eré apanilẹ́rìn-ín òṣèlú", ká sì pe bí ìjọba ṣe ń yí ìròyìn síbi tó wù ú ní "ìṣàkóso ìròyìn". Ẹ̀gbọ́n, mo júbà, àmọ́ n kò lè gba èkejì yẹn rárá. Ìṣàkóso ni à ń pe iṣẹ́ ẹni tó ń bójú tó ilé ìwé tàbí ìlú. Tí a bá fi pe irọ́ ìjọba, ọ̀rọ̀ náà ti gbèjà ọ̀daràn kí ẹnikẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn án.

Iṣẹ́ méjì ló sì pa pọ̀ nínú "ìṣàkóso ìròyìn" yẹn. Àkọ́kọ́ ni pípa èèyàn lẹ́nu mọ́. Ní 1964, Hubert Ògúndé gbé eré Yorùbá Ronú jáde. Ìjọba Akíntọ́lá fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ nítorí eré náà ní gbogbo Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ọmọ Adó-Èkìtì wa níbí, Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun, ni ìjọba rẹ̀ mú òfin náà kúrò ní 1966. Ní 1984, Òfin Kẹrin àwọn ológun sọ àwọn akọ̀ròyìn méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, sẹ́wọ̀n nítorí ìròyìn tí wọ́n kọ. Èyí ti lórúkọ tẹ́lẹ̀: ìpanilẹ́numọ́.

Èkejì ò pa ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́, ariwo ló ń pa. Nínú fíìmù Wag the Dog tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1997, ìbò ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn ìṣekúṣe kan ààrẹ. Àwọn èèyàn rẹ̀ lọ bá aṣefíìmù kan ní Hollywood, wọ́n jọ hùmọ̀ ogun pẹ̀lú Albáníà. Ọmọbìnrin tí aráyé rí lórí tẹlifíṣọ̀n pé ó ń sá fógun, inú sitúdíò ni wọ́n ti yà á! Wọn ò ti ilé ìròyìn kankan pa. Ìfìròyìnbojú ni mo fẹ́ ká pe ìyẹn. Ẹ má sọ pé "ẹ̀tàn" ti tó. Alájàpá náà ń tanni. Ìròyìn gan-an ni wọ́n fi bo ojú ará ìlú, ó yẹ kó hàn nínú orúkọ.

Ní ti "apanilẹ́rìn-ín", ta ló ń fòfin de ẹ̀rín? Ìbáwí inú eré Ògúndé ló dun ìjọba. Ọba kì í pọ̀kọrin, àwọn àgbà mọ̀ pé orin lè ta ọba lára ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Eré ẹ̀fẹ̀ ìbáwí tó mi.

Ìfìròyìnbojú gùn díẹ̀ fún ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Bí ẹnì kan bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, tí "ojú" ò sì sọnù nínú rẹ̀, màá gbà á.